Ṣé Kí Ọmọ Wọlé Ìwé Lọ́dún Yìí, àbí Kó Ṣì Dúró?

  

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa kéékèèké ni mo gbé wá lónìí. Bí oṣù kẹjọ bá ti ń lọ sópin, tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé fún ọdún tuntun nínú oṣù kẹsàn-án, ìbéèrè kan a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé: ọmọ yìí ti pé ọdún mẹ́rin àbọ̀, ṣé ká mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, àbí ká jẹ́ kó ṣì dúró di ọdún tó ń bọ̀? Bàbá á ní ṣebí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọlé. Ìyá àgbà á ní ọmọ náà kò tíì gbó, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó ni ilé-ìwé ìtòsí á ní bó ti wù kó kéré mọ, ẹ ṣáà máa mú un bọ̀. Oníkálukú ń sọ tirẹ̀, ọmọ tí a ń tìtorí rẹ̀ jiyàn jókòó sílẹ̀, kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi mú lọ sílé. Ọdún kan tí ọmọ fi dúró kí ó tó wọlé ìwé kò ba ayé rẹ̀ jẹ́, bí a bá mọ ohun tí a ó fi ọdún náà ṣe. Ọdún tí a fi ọmọ sílẹ̀ lásán, tàbí tí a fi sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ oko, ọdún yẹn ló sọnù. Nítorí náà, kí a tó sọ pé kó wọlé tàbí kó dúró, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọ máa bá níbi tí a fẹ́ mú un lọ, ká sì wo ohun tó máa bá nílé bí a bá ní kó dúró. Níbi tó bá ti máa rí ìtọ́jú, eré àti ọ̀rọ̀ sísọ jù, ibẹ̀ ni kó wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìjọba là kalẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ ọ́n. Ìwé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà jáde lákọ̀ọ́kọ́ ní ọdún 1977, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan. Àtúnṣe ti ọdún 2013 sọ pé ọdún kan ni ọmọ máa lò ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ ọdún márùn-ún ló sì wà fún. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, láti ọjọ́ ìbí títí dé ọdún mẹ́rin, ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n kà á sí. Bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́fà ló ń wọ kíláàsì kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí UBE, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2004, ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tó yẹ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ṣì wà nílé kò tíì pẹ́. Ìyá tó ń jí lóru, tó ń ronú pé ọmọ òun ti gbẹ́yìn nítorí pé ọmọ aládùúgbò ti ń kọ A, B, D, kó fọkàn balẹ̀. Ìjọba kò tíì retí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé.

Àwọn àgbà tó ń gbọ́ mi mọ̀ pé dídúró kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín wa. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, Olóyè Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà sì ni mínísítà tó ṣe wàhálà ètò náà. Àwọn ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954. Nígbà tó di 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí tó mú ọmọ wá ni kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kankan. Ohun tí wọ́n lè sọ ni pé ọdún tí Báálẹ̀ báyìí kú la bí i, tàbí pé ìgbà tí òjò ńlá ya afárá ni. Kí ni tíṣà á wá ṣe? Á ní kí ọmọ dúró gbagidi, kó má dorí kodò, kó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí àtàrí, kó fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ó ti tó, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá kan etí, wọ́n á ní kó lọ jẹun sí i, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọgbọ́n wà nínú ìdánwò yẹn. Orí ọmọ tuntun tóbi púpọ̀ sí ara rẹ̀. Bí a bá pín gígùn ara rẹ̀ sọ́nà mẹ́rin, orí nìkan á kó ìdá kan. Bí ọmọ ti ń dàgbà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń gùn lé orí, tí ọwọ́ á fi lè rékọjá àtàrí dé etí kejì. Ara ọmọ gan-an ni tíṣà ń bi léèrè pé, ṣé o ti tó? Àbùkù tó ní ni pé ọmọ tó ga a máa wọlé ṣáájú ọjọ́, ọmọ tó kúrú a sì dúró ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sì lè sọ ohun tó wà nínú ọmọ, bóyá ó lè fọkàn sí nǹkan, bóyá ó lè dá wà láìsí ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí a ti sọ nù. Ọmọ tí wọ́n dá padà nígbà yẹn kò di ẹni yẹ̀yẹ́, bàbá rẹ̀ kò sì rí i bí ìtìjú. Ọdún tó tẹ̀lé e, á tún na ọwọ́, á kan etí, á wọlé. Púpọ̀ nínú wọn ló di tíṣà, nọ́ọ̀sì àti lọ́yà.

Lóde òní, eré sísá ló kù. A ń mú ọmọ ọdún méjì lọ síbi tí wọ́n ti ń fún un ní ìwé kíkọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń gbé báàgì tó tóbi ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Bó bá dé kíláàsì karùn-ún, a óò sanwó ìdánwò àṣewọlé girama fún un, kó fo kíláàsì kẹfà. Níbo gan-an la ń sáré lọ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní ọdún mẹ́fà á lo ọdún mẹ́fà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó di 12. Á lo mẹ́ta ní girama kékeré, ó di 15. Á lo mẹ́ta ní girama àgbà, ó di 18. Bí ìṣirò ìjọba ṣe rí nìyẹn. Ọmọ tí a wá tì wọ kíláàsì kìíní ní ọdún mẹ́rin, tó sì tún fo kíláàsì kẹfà, á jáde girama ní ọdún 15. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman tó jẹ́ Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ nígbà náà sọ pé ọmọ tí kò bá tíì pé 18 kò gbọdọ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ariwo ta káàkiri. Kí ọdún náà tó parí, Dókítà Túnjí Àlàúsá tó gba ipò rẹ̀ sọ ọ́ di 16. Pẹ̀lú 16 náà, ọmọ tó jáde ní 15 á jókòó sílé, á máa wo àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún tí a rò pé a jèrè nígbà tó wà ní mẹ́rin, a ti dá a padà nígbà tó di 15, bẹ́ẹ̀ ọmọ ti jìyà rẹ̀ ná.

Ìyà wo? Ẹ mú ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, kẹ́ ẹ wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Egungun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ lára àgbàlagbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó tíì le. Ohun rírọ̀ bí irú èyí tó wà lára etí wa ni gbogbo wọn ṣì jẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń le bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tó gbẹ̀yìn kì í sì í le títí ọmọ á fi tó nǹkan bí ọdún 9 sí 12. Ọmọ ọdún mẹ́ta a sì máa fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ di pẹ́ńsù mú, bí ẹni di ọmọ odó mú. Kì í ṣe olóríkunkun. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ nìyẹn. Tí a bá wá ní kó kọ oókan títí dé ọgọ́rùn-ún, tó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, tí a fi pàṣán nà án, kí la rò pé ó kọ́ lọ́jọ́ náà? Ó kọ́ pé ilé-ìwé jẹ́ ibi ìyà. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í tètè kúrò lọ́kàn ọmọ.

Nǹkan wà tí ọwọ́ yẹn lè ṣe, tó sì yẹ kó máa ṣe. Ẹ jẹ́ kó mọ amọ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ìka ya ilẹ̀ iyanrìn. Ẹ jẹ́ kó bó ẹ̀pà, kó ṣa ẹ̀wà, kó yọ òkúta wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀. Ìka méjì tó ń mú òkúta kúrò láàárín ẹ̀wà, àwọn ìka yẹn náà ló máa di pẹ́ńsù mú lọ́la. Ìyá tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ nídìí ẹ̀wà ti ń kọ́ ọ ní ìwé kíkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí pẹ́ńsù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ wa tó wà nílùú Lọ́ńdọ̀nù ń bá a yí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù kẹsàn-án tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ọmọ pé ọdún mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń mú un wọ kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Reception, bẹ́ẹ̀ òfin kò fi dandan mú un títí yóò fi pé ọdún márùn-ún. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ló máa kéré jù nínú kíláàsì rẹ̀, èyí tí wọ́n bí lọ́jọ́ kejì ni yóò dàgbà jù nínú kíláàsì tó tẹ̀lé e. Nítorí èyí, òbí tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, lè béèrè pé kí ọmọ òun dúró fún ọdún kan, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti Reception náà. Ní Scotland, láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọmọ tí kò bá tíì pé márùn-ún lọ́jọ́ tí ilé-ìwé wọlé lè dúró, ìjọba á sì gbé owó ọdún kan sí i fún un ní ilé ìtọ́jú ọmọ. Ní Finland, ọdún tí ọmọ bá pé méje ló ń wọ kíláàsì kìíní, kò sì sẹ́ni tó ń pe àwọn ará ibẹ̀ ní aláìmọ̀wé.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú. Ní ọdún 2015, Thomas Dee àti Hans Henrik Sievertsen gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ Denmark. Wọ́n rí i pé àwọn tó fi ọdún kan pẹ́ kí wọ́n tó wọlé lè fọkàn sí nǹkan, wọ́n sì lè jókòó jẹ́ẹ́ dáadáa ju àwọn yòókù lọ nígbà tí wọ́n pé ọdún méje, ìyàtọ̀ náà sì ṣì hàn nígbà tí wọ́n di 11. Ní Norway, Sandra Black, Paul Devereux àti Kjell Salvanes wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti di bí ọdún 18. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011 ni pé ọjọ́ orí tí wọ́n fi wọlé ìwé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ohunkóhun kún òye wọn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ nǹkan kan kúrò. Ẹ pa méjèèjì pọ̀: dídúró lè jẹ́ kí ara ọmọ balẹ̀, kò sọ ọmọ di ọ̀mọ̀ràn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun dúró kí ó lè gba ipò kìíní nígbà gbogbo, kó má ṣe é nítorí ìyẹn. Bí ọdún ti ń lọ, àǹfààní kí ọmọ dàgbà jù nínú kíláàsì a máa dín kù.

Ohun kan sì wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Denmark tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. Ọmọ wọn tó dúró kò dúró lásán. Ilé ìtọ́jú ọmọ tó dára ló wà, níbi tí wọ́n ti ń bá a ṣeré, tí wọ́n ń sọ ìtàn fún un, tí wọ́n sì ń bọ́ ọ. Ọmọ tiwa tí a ní kó dúró ńkọ́? Níbo ló wà láti àárọ̀ dalẹ́?

Ibí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tààrà nípa ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹ̀ka kìíní ni àwọn ọmọ kan lábúlé wa tí wọ́n ti pé ọdún méje, mẹ́jọ, tí wọn kò tíì mọ ojú ọ̀nà ilé-ìwé. Wọ́n ń lé ẹyẹ lóko àgbàdo. Wọ́n ń bó pákí. Ọmọbìnrin inú wọn pọn àbúrò lẹ́yìn láti òwúrọ̀ títí ìyá á fi ti ọjà dé. Ẹ má pe ìyẹn ní dídúró. Ẹ̀tọ́ ọmọ la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ti pé mẹ́fà, kó wọlé ní oṣù kẹsàn-án yìí, kò sí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀. Láti ọdún 2019 ni Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti fagi lé owó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo mọ̀ pé aṣọ ilé-ìwé, bàtà àti ìwé ṣì ń gbówó. Bí ìyẹn bá ni ìṣòro, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún ẹbí, ẹ sọ fún ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí yín. Kí ọmọ wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé-ìwé sàn ju kó jókòó sóko lọ.

Bí ilé-ìwé bá jìnnà, tó jẹ́ pé títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni ọmọ gbọ́dọ̀ sọdá, ìdí gidi nìyẹn láti má fi ọmọ ọdún mẹ́rin sọ́nà. Àmọ́ ẹ wá ẹni tí yóò máa mú un lọ. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní kíláàsì kẹrin, karùn-ún lè fà á lọ́wọ́, tàbí kí ìyá mẹ́ta mẹ́rin ládùúgbò pín in ṣe, kí oníkálukú ní ọjọ́ tirẹ̀ tí yóò kó gbogbo wọn lọ.

Ẹ̀ka kejì ni àwọn òbí tó ń fi ọmọ dúró nítorí pé kò tètè sọ̀rọ̀, tàbí pé a máa ń pè é kì í dáhùn, tàbí pé ó máa ń sún mọ́ nǹkan jù kó tó rí i. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, dídúró kò wo etí sàn, kò sì wo ojú sàn. Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ níbi tí kò ti rí yín, kẹ́ ẹ pe orúkọ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de oṣù kẹsàn-án. Etí tó ń tú lọ́dún méjì lè jẹ́ kí ọmọ dà bí aláìgbọ́n lọ́dún márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ pé pérépéré. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà, ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín dá sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-ìwé tó mọ ipò rẹ̀, tó ń jẹ́ kó mu omi dáadáa, tó sì ń tètè ránṣẹ́ pe yín, yóò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀ka kẹta ni àwọn ọmọ tí tíṣà sọ pé wọn kò tíì gbó nítorí pé wọn kì í lanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Kẹ́ ẹ tó gbà pé kí ọmọ dúró, ẹ béèrè lọ́wọ́ tíṣà pé èdè wo lẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀? Ọmọ tó ń pa àlọ́ fún odindi agbo ilé lálẹ́, tó ń fi ọgbọ́n ìjàpá rẹ́rìn-ín, báwo ló ṣe máa yadi lójú ọ̀sán? Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ ló pa á lẹ́nu mọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò gbẹ́yìn rárá, títí kan inú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ èdè ló ń dí ọmọ lọ́wọ́, ilé-ìwé ló yẹ kó yí padà. Ẹ wá èyí tó ń fi Yorùbá bá ọmọ kéékèèké sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ má gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ tó ti tó.

Báwo wá ni a ṣe máa mọ ọmọ tó ti tó? Ẹ má wò ó bóyá ó mọ A, B, D. Tíṣà ni yóò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ẹ wo nǹkan wọ̀nyí. Ṣé ó lè sọ pé ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, kó sì lọ síbi tó yẹ? Ṣé ó lè sọ fún àjèjì pé inú ń run òun? Bẹ́ ẹ bá rán an níṣẹ́ méjì pọ̀, pé lọ sí yàrá, mú ife wá, kó o gbé e fún bàbá, ṣé á jẹ́ méjèèjì? Ṣé ó lè bá ọmọ mìíràn ṣeré fún ìgbà díẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀? Bẹ́ ẹ bá pa àlọ́ kúkúrú, ṣé ó lè gbọ́ ọ dópin? Bẹ́ ẹ bá fi í sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ọ̀sán kan, ṣé ẹkún rẹ̀ a máa dá? Ọmọ tó ń ṣe púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí, tó sì ti pé márùn-ún tàbí tí ó fẹ́ẹ́ pé e, kó máa lọ. Èyí tí kò tíì lè ṣe ìdajì wọn, tó jẹ́ pé oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá ló máa pé márùn-ún, ẹ jẹ́ kó dúró, kẹ́ ẹ má sì fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sín in ní gbẹ́rẹ́ ìpáyà. Àwọn baba wa ní, ọmọ tó bá tó ọkọ́, à á fún un ní ọkọ́. Wọn kò ní ká fún ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ní ọkọ́ ká sì fi na tiwa.

Bẹ́ ẹ bá ti ní kó dúró, ẹ fún ọdún náà níṣẹ́. Ẹ máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ ti ń lọ sódò, ẹ sọ orúkọ igi, ẹ sọ orúkọ ẹyẹ, ẹ jẹ́ kó béèrè, ẹ má sì pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ pa àlọ́ fún un lálẹ́, kí òun náà sì pa tirẹ̀. Ẹ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ojú ihò méjìlá ló ní, mẹ́rin mẹ́rin ni à ń fi ọmọ ayò sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi wọ́n sí i fúnra rẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kó bọ́ sí ihò kejì. Nígbà tó bá dé ihò kejìlá, ó ti ka ọmọ ayò 48, ó sì ti mọ̀ ọ́n lára pé mẹ́rin kò dọ́gba pẹ̀lú mẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá ń ta ọsàn tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó létí títì, ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín, kó bá yín tò ó ní márùn-ún márùn-ún. Bó ti ń tò ó, ẹ jẹ́ kó máa kà á sókè. Ẹ jẹ́ kó ní ọ̀rẹ́ tí yóò máa bá a ṣeré. Bí ìwé alàwòrán kan bá wà, ẹ jọ máa wò ó. Fóònù tí ẹ gbé fún un kó lè jókòó jẹ́ẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún yín, torí fóònù kì í dúró gbọ́ èsì ọmọ.

Bó bá sì jẹ́ pé kó wọlé lẹ pinnu, ẹ má fi owó ránṣẹ́ kẹ́ ẹ sì gbàgbé. Ẹ lọ wo kíláàsì náà ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ ka orí àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ wo iye tíṣà. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, ibi tí wọ́n ti ń ṣe gáà, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá sùn lọ. Ẹ wo ọwọ́ tíṣà bóyá pàṣán wà níbẹ̀. Ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń mọ amọ̀, kò fi àkókò ṣòfò, ohun tó yẹ ọjọ́ orí wọn gan-an ló ń ṣe. Èyí tí wọ́n to gbogbo wọn sórí bẹ́ǹṣì láti agogo mẹ́jọ di agogo kan, tí wọ́n ń da ìwé kọ láti ojú pátákó, kò yẹ ọmọ yín, bó ti wù kí aṣọ wọn dára tó.

Ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí fún ọmọ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ètò ìkànìyàn, bẹ́ ẹ kò bá tíì gbà á. Ọjọ́ orí tó pé ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ nílé-ìwé. Ẹni tó bá fi ọdún kan kún ọjọ́ orí ọmọ kó lè tètè wọlé ti di ẹrù irọ́ lé ọmọ lórí, ìdánwò àti ìwé ìrìnnà ọjọ́ iwájú á sì máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà tí àwọn ọmọ yín tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn fi ọmọ sọ́dọ̀ yín, ìpinnu yìí ń bẹ lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ aládùúgbò. Láàárín mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ ní àyè láti dúró. Bó bá ti di mẹ́fà, àyè yẹn ti tán, kí gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, wà ní kíláàsì. Ní àárín méjèèjì, ẹ bi ara yín léèrè lójoojúmọ́ pé: ta ló bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ lónìí, ta ló bá a ṣeré, kí ló sì mọ̀ lónìí tí kò mọ̀ lánàá? Ilé tó bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn kò ní ìdí láti bẹ̀rù ọdún kan. Ilé tí kò bá lè dáhùn rẹ̀, kó má fi ọmọ dúró rárá.